Lẹ́tà ṣíṣí sí Bọ̀dá Oníbẹ́líìtì

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìrìn ló wù mí kí n kí yín, àmọ́ wọ́n ní ẹ kì í rìn mọ́.

Mo kọ lẹ́tà yìí síta gbangba nítorí pé bí mo bá pè yín lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín máa ń bàjẹ́ gẹ́lẹ́ tí mo bá ti dárúkọ físíò. Bẹ́líìtì ìbàdí tí dókítà ní kẹ́ ẹ lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lo oṣù mẹ́rìnlá lára yín. Ìyá Ṣadé ní ẹ tiẹ̀ ń dè é sùn. Ta lẹ rò pé ó fẹ́ jí ìbàdí yín gbé lóru?

Mo gbọ́ pé ẹ ń sọ fún gbogbo àlejò pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín ló bà yín lẹ́yìn jẹ́, pé ẹ sì fẹ́ kí wọ́n tún un là. Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká rántí dáadáa. Kí wọ́n tó là yín, ẹsẹ̀ òsì ló ń jó yín bí iná láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí dísìkì kan tó yọ jáde láàárín eegun ẹ̀yìn, tó wá fún iṣan mọ́ ara eegun. Wọ́n gé èyí tó yọ, iná ẹsẹ̀ kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ẹ jó níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Ṣadé. Fídíò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Èyí tó ń ro yín báyìí, ọ̀tọ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé àpá inú lọ́hùn-ún ti lẹ̀ mọ́ iṣan. Ó lè jẹ́ pé àwọn oríkèé tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n là ló ń ru ẹrù tí kò tọ́ sí wọn. Èyí tí mo sì fi ojú ara mi rí ni pé ẹran ẹ̀yìn yín ti rọ bí ẹ̀kọ òní. Ọ̀bẹ kì í sọ ẹran tó rọ di líle.

Ẹnì kan tún ti wá sọ fún yín pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ni ẹ bá fi ṣúgà sílẹ̀, ẹ ń mu ògì lásán, ojú yín rí bíi ti ẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Fífi ṣúgà sílẹ̀ kò burú, àmọ́ ìbàdí yín ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fẹ́ràn ìtàn olóṣèlú. Ẹ jókòó kí n sọ ọ̀kan fún yín. Áà, ẹ ti jókòó tẹ́lẹ̀. Wọ́n la John F. Kennedy, tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹrin, ní 1944, 1954, 1955 àti 1957. Ti 1954, irin ni wọ́n fi sí i. Ibẹ̀ kẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, wọ́n sì ní láti yọ irin náà lọ́dún kejì. Ìrora ò lọ. Dókítà Janet Travell wá ń gún un lábẹ́rẹ́ sínú ẹran ẹ̀yìn tó ti dì, ó sì ní kó máa jókòó sórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn. Oṣù kẹwàá 1961 ni dókítà mìíràn, Hans Kraus, ọmọ Austria tó máa ń gun òkè, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dán ara ààrẹ wò, ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ti gan, ó ti di aláìlágbára. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nínú White House níbẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ara ààrẹ ti ń yá. Ẹni tó ń bá Rọ́ṣíà du ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù ráyè nàró. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì, tí ẹ kàn ń fẹ̀yìn ti àga, ẹ ní ẹ ò ráyè.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: Kennedy náà de bẹ́líìtì. Òótọ́ ni, ó wà lára rẹ̀ ní Dallas lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á. Àmọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejìlá 2023 lórí ìrora ẹ̀yìn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ò fọwọ́ sí bẹ́líìtì. Ìdárayá ni wọ́n fọwọ́ sí. (Ìlànà yẹn kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n là lẹ́yìn ní pàtó. Mo tètè sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà rí ibẹ̀ sá gbà.)

Ẹjọ́ yín gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí ara bá tù yín, ẹ ó gbé jẹnẹrétọ̀, ẹ ó fọ mọ́tò, ẹ ó tún fẹ́ gun àkàbà. Lọ́jọ́ kejì, ìrora á dé, ẹ ó dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ó ní ìdárayá kò bá yín lára mu. Físíò yẹn, tẹ́ ẹ ní ọmọdé ni, tó ní kẹ́ ẹ máa gbé ìdí sókè lórí ẹní, ohun tó sọ ò le: ìrìn ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́, ìbáà dùn, ìbáà má dùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ sọ ọ́ di 7. Yóò ro yín díẹ̀. Kì í ṣe pé nǹkan ń já nínú yín. Ajá tí olè ti wọlé bá rí máa ń gbó aláǹgbá. Iṣan tó ti jìyà pẹ́ náà máa ń ké fún ohun tí kò tó nǹkan. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ ló máa fi hàn án pé aláǹgbá ni.

Oògùn alẹ́ tí dókítà kọ fún yín ńkọ́, Amitriptyline? Ẹ dà á nù nítorí ẹ kà nínú ìwé rẹ̀ pé ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ẹ ní orí yín ò dàrú. Ta ló ní ó dàrú? Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí iṣan tó ń ké dákẹ́. Ẹ padà lọ bá dókítà sọ ọ́. Ibuprofen tẹ́ ẹ ń jẹ bí ẹ̀pà nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ibì kan wà tí mi ò ní ṣàwàdà. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tó ń jáde láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, bí àárín itan bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i, tàbí bí ibà bá dé tí ojú ọgbẹ́ ń ṣọyún, ẹ má dúró dè mí. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, mò ń bọ̀ ní Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Mo ti wọn ọ̀nà ilé yín sí ọ̀dọ̀ Ìyá Alákàrà: ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lálọ, méjì ààbọ̀ lábọ̀, bí a bá ń rìn bí ìgbín. Èmi ni n ó sanwó àkàrà. Ẹ wọ bàtà, ẹ fi bẹ́líìtì sílé. Bí mo bá sì dé tí wọ́n ní ẹ ń sùn, àga yín yẹn ni màá gbé lọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ máa ń pè ní aláròyé.