Mẹ́rin Ó Ku Mẹ́wàá

Kí n tó sá máratọ́ọ̀nù Èkó, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló ti mọ iye àkókò tí n ó fi sá a: wákàtí mẹ́rin ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti sọ fún àna mi. Mo ti sọ fún ọmọ tó ń bá mi fọ mọ́tò. Mo gbé e sórí WhatsApp ìdílé, níbi tí àwọn àbúrò bàbá mi wà, wọ́n sì fi àdúrà dá mi lóhùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi.

Kì í ṣe pé mo kàn la ẹnu sọ ọ́ o. Ìṣirò ni. Ará Amẹ́ríkà kan, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Peter Riegel, ló gbé e jáde ní 1977. Ó ní bí ọ̀nà bá gùn ní ìlọ́po méjì, àkókò kì í dúró sí ìlọ́po méjì, torí pé ó ń rẹ èèyàn, ìlọ́po 2.085 ló ń jẹ́. Láti kìlómítà 10 dé kìlómítà 42.195 tí í ṣe máratọ́ọ̀nù, ìlọ́po 4.6 ni. Èmi sì ti sá kìlómítà 10 ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Àádọ́ta lọ́nà 4.6 jẹ́ igba ìṣẹ́jú ó lé ọgbọ̀n. Ta ló fẹ́ bá ìṣirò jà?

Ṣùgbọ́n kìlómítà 10 yẹn ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan ló ṣètò rẹ̀, láàárọ̀ ọyẹ́ tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wa lára, ọ̀kadà ni wọ́n sì fi wọn ọ̀nà. Nígbà tí mo parí, fóònù mi ní 9.3 ni mo sá. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yẹn ò dáa. Ká ní mo gba fóònù gbọ́ ni, àádọ́ta ìṣẹ́jú ì bá di mẹ́rìnléláàádọ́ta, máratọ́ọ̀nù mi ì bá sì ti kọjá wákàtí mẹ́rin kí n tó wọ bàtà rárá.

Èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ló burú jù. Mo ti sá kìlómítà 21 rí, ní Abẹ́òkúta, mo sì lo wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo fi ìṣirò Riegel kan náà wo èyí náà. Ó gbé 4:23 fún mi. Mo wò ó títí, kò wù mí. Mo ní òkè Abẹ́òkúta ló fà á. Mo ní bàtà mi ṣì tuntun. Mo ní àmàlà alẹ́ àná rẹ̀ ni. Èsì eré tó gùn jù ló sún mọ́ máratọ́ọ̀nù jù, òun ló sì yẹ kéèyàn gbé ìṣirò lé. Èyí tó dùn létí lèmi gbé.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú àwọn tá a jọ ń sáré pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, kìlómítà mélòó lo ń sá lọ́sẹ̀?"

Mo ní kò dúró sójú kan.

"Èyí tó gùn jù tó o ti sá ńkọ́, láti bí oṣù méjì?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Wọ́n ní orí àkókò àwọn tó yára jù láyé ni Riegel ti mú ìṣirò rẹ̀, àwọn tí eré jẹ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní fún irú èmi, kí n fi 5.2 dípò 4.6, ìyẹn á gbé mi sí nǹkan bíi 4:20. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sọ fún ìyàwó mi nílé pé ẹ̀gbọ́n náà ń jowú. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà pé ní 2016, Andrew Vickers àti Emily Vertosick yẹ àkókò àwọn asáré tó lé ní 2,000 wò, wọ́n sì rí i pé ó kéré tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìṣirò Riegel fi yá ju ohun tí ìdajì wọn sá ní máratọ́ọ̀nù.

Lọ́jọ́ máratọ́ọ̀nù náà, wọ́n dá wa sílẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló yẹ kí n máa fi sá kìlómítà kan. Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kí n kó díẹ̀ pamọ́ de ọ̀sán. Mo ń sá a ní márùn-ún àti mẹ́wàá. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú, mo kọjá ẹ̀gbọ́n yẹn, mo sì fi àánú juwọ́ sí wọn.

Afárá Third Mainland gùn tó kìlómítà 11.8. Igi kan ṣoṣo ò sí lórí rẹ̀. Oòrùn yọ láti orí ọ̀sà, ó sì mọ̀ mí lójú. Bí ara bá gbóná, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ sí ẹsẹ̀ á sáré lọ sí awọ láti lọ wá ìtura, ọkàn á máa lù bíi bàtá. Ní ìdíje Èkó àkọ́kọ́, ní 2016, Abraham Kiptum ọmọ Kenya ló gba ipò kìíní, síbẹ̀ ó lo ju wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lọ, nígbà tí àkókò tó dáa jù lágbàáyé nígbà náà jẹ́ 2:02:57. Bí ooru Èkó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Kiptum, ta ni mí?

Lẹ́yìn ọgbọ̀n kìlómítà, okun tí oúnjẹ fi sínú iṣan tán. N kò mọ̀ pé ó máa ń tán lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, mo ń rìn. Ẹ̀gbọ́n kọjá mi, wọ́n juwọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń pín omi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Daddy, ṣé ẹ ṣì wà nínú eré ni, àbí ilé lẹ ń lọ?"

Mo dé Eko Atlantic ní wákàtí márùn-ún ó lé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láti aago mẹ́wàá làwọn ará ilé mi ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ 3:50 sí gàdàgbà. Nígbà tó sú àwọn ìbejì mi, wọ́n fi bírò sọ 3 di 8.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo mú èsì Abẹ́òkúta, mo fi ti oòrùn lé e, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé wákàtí mẹ́rin àti ogójì ìṣẹ́jú ni, kí wọ́n dé láago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, aago méjìlá la máa dé." Mo bi í pé ìṣirò wo ló lò. Ó ní èyí tí òun máa ń lò bí mo bá pè láti Ọ̀jọ́ta pé mo ti wà lẹ́nu géètì.