Látìn Nínú Dáńfó Ìkòtún

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè Látìn, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọ́ ọ nínú dáńfó Ìkòtún. Kó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè àwọn ará Róòmù àti Gíríìkì látìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1948. Kó lọ bá fáda. Kó ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́rí. Èmi ò ṣe ìkankan.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kó mi sí i. Ìgàndò nilé wọn, wọ́n sì ṣe Látìn nílé ẹ̀kọ́ girama láyé ìjọba òyìnbó. Látìn ò jìnnà sí ọmọ Èkó nígbà náà. CMS Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859 àti King's College tó bẹ̀rẹ̀ ní 1909, Látìn ni àkọmọ̀nà àwọn méjèèjì. Máàsì Kátólíìkì pàápàá, Látìn ni wọ́n fi ń ṣe é, kó tó di pé ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Vatican láàárín 1962 sí 1965 ṣílẹ̀kùn fún Yorùbá. Níbi ìsọmọlórúkọ kan l'Ẹ́gbẹ́dá, Bàbá ń da Látìn sílẹ̀, àwọn lọ́yà kéékèèké tó wà níkàlẹ̀ ń káàsà fún wọn. Ìlara mú mi. Mo yá ìwé wọn, ògbólógbòó tí kò lẹ́yìn mọ́, mo ní orí ọ̀rọ̀ ìrìnnà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí tún lèèyàn ń ṣe ní Alímọ́ṣọ́ ju ìrìnnà lọ? Èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa nínú ìkànìyàn 2006, kò sì sí àárọ̀ tí kì í ṣe mí bíi pé gbogbo wa la jọ ń wọkọ̀ ní ráńdábọ́ọ̀tù Ìkòtún.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Omnibus, ìyẹn "fún gbogbo èèyàn," ni baba bọ́ọ̀sì. Ní 1826, Stanislas Baudry bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kó èrò ní ìlú Nantes nílẹ̀ Faransé, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọkọ̀ náà lórí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé orí ọ̀rọ̀ náà sọnù, ìrù rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ṣàlàyé èyí fún kọ́ndọ́ kan, mo ní orúkọ tọ́kọ̀ ẹ ń jẹ́ ni "ti gbogbo èèyàn." Ó wo àga tí àwa mẹ́ta jókòó sí. "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín," ló wí. "Ẹ sún wọlé, mẹ́rin-mẹ́rin ni."

Via ni ọ̀nà. Appius Claudius bẹ̀rẹ̀ Via Appia láti Róòmù ní ọdún 312 ṣáájú ìbí Kristi, òkúta rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ dòní; mo sì mọ àdúgbò kan n'Íkòtún tí ọ̀dà rẹ̀ kì í rí Kérésì méjì. Julius Caesar ṣòfin pé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ò gbọdọ̀ wọ ìgboro Róòmù lójú ọ̀sán, bí òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 ṣe ní kí tírélà dúró dòru. Nígbà tó yá, akéwì wọn, Juvenal, ń ráhùn pé ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ kéèyàn sùn. Ará Alímọ́ṣọ́ ni gbogbo wọn, ẹ ò rí i?

Ìgbà tí mo dé orí "lílọ" ni wàhálà dé.

Ire ni Látìn ń pè é. Mo jókòó ti ìyá àgbà kan tó ń ti ọjà Ìkòtún bọ̀, àpò ata rodo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo dijú, mo ń há a sórí: "Ire... ire... ire."

"Àmín," ni ìyá wí.

"Ire."

"Àmín, láṣẹ Èdùmàrè!"

Àwọn tó wà lẹ́yìn gbà á, kò pẹ́ tí gbogbo ọkọ̀ fi ń ṣàmín. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń wọ̀ mí lára, mo tilẹ̀ ń gbọn ohùn díẹ̀ bíi wòlíì. Ẹnì kan na igba náírà sí mi látẹ̀yìn, kí n má purọ́, mo gbà á. Mo wá ṣíwèé, mo rí ibi, tó túmọ̀ sí "níbẹ̀." Mo ní kí n so wọ́n pọ̀, kó lè di "láti lọ síbẹ̀."

"Ire... ibi."

Ọkọ̀ pa lọ́lọ́.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ìyá káwọ́ lérí. "Ibi kẹ̀? Lórí ta ni?"

Ọwọ́ kan yọ látẹ̀yìn, ó gba igba náírà rẹ̀ padà. Mo ṣàlàyé pé Látìn ni. Àlàyé yẹn gan-an ló bà á jẹ́ tán, torí ẹnì kan ní èdè tí wọ́n fi ń bá ẹ̀mí èṣù sọ̀rọ̀ nínú fíìmù nìyẹn.

Ìyẹn ò kọ́ mi lọ́gbọ́n. Oṣù kejì 2023 ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ lílọ tọ́jọ́ iwájú: ibo, "n ó lọ", ibis, "wàá lọ", ibit, "yóò lọ." Ẹ rántí oṣù yẹn. Ọjọ́ 25 nìdìbò ààrẹ, náírà tuntun ò sí ní báńkì, àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ATM. Èmi wá wà nínú ọkọ̀ Ìyànà-Ìpájà, mò ń fi ohùn ìsàlẹ̀ wí pé ibo, ibo, ibo.

"Ìbò ta ni, ẹ̀gbọ́n?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀ sí mi létí.

"Kì í ṣe ìbò ẹnikẹ́ni."

"Ó yé mi. Ṣé owó tuntun ni, àbí tàtijọ́?"

Kí n tó lanu, obìnrin kan níwájú ti yọ káàdì ìdìbò rẹ̀, ó ní àwọn tó kù ńlé náà ní tiwọn. Kọ́ndọ́ ní kí n má gbàgbé òun àti dírẹ́bà òun. Òógùn bò mí. "Ẹ gbọ́ mi yé! Ohun tí mò ń wí ni pé mo fẹ́ lọ. Mo máa lọ!"

"Ówà o!" Kọ́ndọ́ gbá ara ọkọ̀, dírẹ́bà tẹ búrèkì, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ojú gbogbo wọn ń bẹ lára mi, ìtìjú ò jẹ́ kí n ní mi ò tíì débi tí mò ń lọ. Ìdímù ni mo bọ́ sílẹ̀ sí. Ẹgbẹ́dá ni mò ń rè. Èmi náà ò rówó gbà ní báńkì, ohun tó wà lápò mi ò tó ọkọ̀ míì wọ̀, mo bá fẹsẹ̀ rìn ín. Pedibus ni Látìn ń pe ká fẹsẹ̀ rìn. Bọ́ọ̀sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, abẹ́ ìdí mi ni kò sí.

Mo lọ fẹjọ́ sun Bàbá n'Ígàndò. Mo ti pinnu pé Látìn ni n ó fi kí wọn, ẹnu Èkó ló jáde: "Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé mò ń gbìyànjú, àbí?"

Bàbá dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n forí lé ìta. Mo sáré dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ni mo ṣe.

"O ní kí n máa lọ ni. Abi! Ohun tí wọ́n ń sọ fẹ́ni tí wọ́n ń lé jáde nìyẹn."

Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, bí ará Èkó bá ti ní àbí, ara mi á bù máṣọ.

Ìgbà tí mo wá ròyìn ire àti ibi fún wọn ni wọ́n rẹ́rìn-ín, débi pé wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní irọ́ pọ́ńbélé ni Látìn tí mo sọ. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ ló ń lo ibi. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀, eo ni yóò lò. Eo yìí kan náà ló tún túmọ̀ sí "mò ń lọ." Eo eo, mò ń lọ síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ìyà tí mo jẹ nínú ọkọ̀ ìyá aláta, orí Látìn tí kò tọ̀nà ni mo ti jẹ ẹ́.

Lálẹ́, mo wọkọ̀ ní gàréèjì Ìgàndò. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, mo fọwọ́ bo ẹnu, mo wí i wúyẹ́wúyẹ́ pé: "Eo eo."

Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí gbé e. "È-ó, è-ó!" Ó ń fàtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀yìn àga iwájú. Àwọn tọ̀ọ́kán dáhùn. Kí á tó jáde n'Ígàndò, gbogbo ọkọ̀ ti ń gbè é, dírẹ́bà ń fi fèrè ọkọ̀ ṣe agogo. Kọ́ndọ́ nìkan ni kò kọrin. Ó tẹ̀ síwájú, ó nàka sí mi.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá orin, owó ọkọ̀ yín dà?"