Kímbálì Tí Mo Fi Ojú Rà

Ẹ bá mi bo àṣírí yìí: èmi ni mo ra kímbálì tó fọ́ ìsìn wa. Ìjọ wa ní Abraham Adésànyà Estate, lọ́nà Ajah, kó owó lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ pààrọ̀ àwọn tó wà lórí dírọ́ọ̀mù. Èmi ni ẹnu mi máa ń yá jù bí wọ́n bá ti dárúkọ ohun èlò orin, wọ́n sì ṣi ẹnu yíyá mú fún ìmọ̀.

Mo dé ọjà, èyí tó ń dán jù ni mo nawọ́ sí. Mo gbé e, ó wúwo bí ọmọrí ìkòkò àṣè. Ontàjà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ọjà!" Gbólóhùn yẹn ló pa mí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ olókìkí kan wà lára rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà kan ti sá kúrò nínú orúkọ ọ̀hún. Mo rí i o. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lókè òkun nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ lù ú wò, ojú ń tì mí láti pariwo láàárín ọjà.

Ride ni mo rà, mo gbé e sí ipò crash. Crash, tó sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 16 sí 18, là ń gbá kí ó bú sókè, kí ó sì tètè rọlẹ̀. Ride ní tiẹ̀, ínǹṣì 20 tàbí 22, là ń fi ọ̀pá ìlù lù léraléra bí orin ṣe ń lọ; bó bá sì nípọn, ohùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní "Halelúyà!", mo gbá a. Pásítọ̀ parí àdúrà, kímbálì ò tíì parí tiẹ̀.

Hi-hat, kímbálì méjì tí pédà ẹsẹ̀ ń pa pọ̀, ńkọ́? Pédà rẹ̀ ń han, ni mo bá fún méjèèjì pọ̀ pinpin. Èkó yìí kan náà ni wọ́n bí onílù Tony Allen sí ní 1940! Ó ka ohun tí onílù jáàsì Max Roach kọ lórí hi-hat nínú ìwé ìròyìn, ó fi kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìlù tó ti ibẹ̀ jáde ló gbé Afrobeat Fẹlá ró. Èmi fi nọ́ọ̀tì dè é.

Mo gbé ride náà wálé láti fi dánra wò nínú pálọ̀ tó kún fún táìsì. Aládùúgbò kan kànkùn: "Bọ̀dá, ṣé ẹ ń tún òrùlé ṣe ni?" Olóyè Adésànyà, aṣáájú Afẹ́nifẹ́re tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ́síteètì wa, yè nígbà tí wọ́n yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀ ní 1997. Mi ò mọ̀ bóyá ìbá ye kímbálì mi.

Òkun wà lápá kan wa, ọ̀sà wà lápá kejì. Atẹ́gùn iyọ̀ ò jẹ́ kí irin kankan sinmi. Kímbálì ṣú. Mo mú Brasso, mo nù ún kíkankíkan, títí àwọn lẹ́tà yòókù fi tẹ̀ lé èyí tó kọ́kọ́ sá. Kó má baà máa mì, mo tún fún nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kímbálì tí kò ráyè mì kò rí ibi gbé agbára ọ̀pá sí. Etí ló ti ń là. Tèmi là.

Àgbà onídírọ́ọ̀mù kan ló fi ìka ta á, ó mi orí. "Àbúrò, bàbà àti síńkì lásán nìyí, ti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́." Ó ní bàbà àti tánńganran ni ti gidi: 80 sí 20 fún èyí tó gbówó lórí, 92 sí 8 fún èyí tó rọjú díẹ̀. Èyí tó bá nípọn, ohùn rẹ̀ á ga, á sì pẹ́. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ á tètè dáhùn, á tètè dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ mú ọ̀pá ìlù tiyín dání lọ. Ẹ lù ú létí, ẹ lù ú láàárín, kí ẹ sì dúró gbọ́ ọ títí yóò fi dákẹ́. Bí ontàjà bá kọ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.