Onígbàjámọ̀ Mélòó Ló Wà ní VGC?

Lẹ́tà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onímọ̀ràn lóṣù yìí ti Victoria Garden City (VGC) wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́ ní 2:1, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ó sì lọ ṣe íntáfíù ní iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan ní Victoria Island. (Bàbá, tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ bínú ná pé àwọn kan ń gba dọ́là sí i.) Gbogbo ìṣirò tó kà títí ojú ẹ̀ fi pọ́n, wọn ò bi í ní ìkankan. Ọ̀gá tó ń ṣe íntáfíù náà kàn ní, "Onígbàjámọ̀ mélòó ló wà ní ẹ́sítéètì yín?" Ọmọ dákẹ́, ó ń wá ìdáhùn tó péye. Ó dákẹ́ títí ọ̀gá fi wo aago.

Bàbá ní kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ iye onígbàjámọ̀. Bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí, ta ló sì lè rí ọpọlọ tó panu mọ́? Kó máa rò ó sókè. Ká ní ilé 2,000 ló wà níbẹ̀, kí èèyàn 5 máa gbé ilé kọ̀ọ̀kan: 10,000 nìyẹn. Ìdajì wọn jẹ́ ọkùnrin, 5,000. Bí kálukú bá ń gẹrun lọ́sẹ̀ méjì-méjì, orí 2,500 ni lọ́sẹ̀. Onígbàjámọ̀ kan lè gẹ orí 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ 6, ìyẹn 90. Pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó onígbàjámọ̀ 28.

Ibẹ̀ ni kó ti wá mí kanlẹ̀, kó ní, "Àmọ́ sà, àwọn kan ń pe onígbàjámọ̀ wá sílé, àwọn ọmọ wọn sì ń sá lọ gẹ tiwọn ní Ìkọtá." Ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Bí ilé ò bá tó 2,000, wọ́n á fojú fò ó. Kó ṣáà má ṣi ìsọdipúpọ̀ ṣe.

Ọmọbìnrin kan láti Ajah ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀gá tó ti hewú níbi íntáfíù ẹ̀ ní kó pe òun lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn. Ó ní, "Yes, Daddy." Bàbá ní kó wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fún dáadáa, kí orúnkún má ráyè kúnlẹ̀, kó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kó má sì pè é mọ́ títí wọ́n á fi jáde. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pé a kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kì í béèrè nǹkan kan, ìbéèrè gan-an sì ni wọ́n ń retí lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n lè ní èrè iléeṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan já wálẹ̀. Kó béèrè pé: ṣé owó tó ń wọlé ló dín kù, àbí èyí tó ń jáde ló pọ̀ sí i? Barbara Minto, tí iléeṣẹ́ agbaninímọ̀ràn McKinsey gbà síṣẹ́ ní 1963, ló kọ́ àwọn agbaninímọ̀ràn pé kí wọ́n máa pín ọ̀ràn bí ẹran ìkómọ: kí ẹnikẹ́ni má gbà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má sì pàdánù.

Ẹlòmíì láti Ajah ní McKinsey ti fún òun ní géèmù kan rí lórí kọ̀ǹpútà: kóun yan ẹ̀dá 8, ewéko àti ẹranko, tí wọ́n á máa jẹ ara wọn láìsí èyí tó máa run. Ọ̀rọ̀ yìí pa Bàbá lẹ́rìn-ín. Ọmọ onílẹ̀ ń jẹ lándílọ́ọ̀dù, lándílọ́ọ̀dù ń jẹ ayálégbé, ọmọ Ajah tún ń béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ ara wọn?

Lẹ́tà tó kẹ́yìn, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Jákàńdè ni wọ́n ti kọ ọ́. Íntáfíù aago 9, aago ti lu 8:40. Bàbá ì bá ní kó gun ọ̀kadà, àmọ́ láti June 1, 2022 nìjọba Èkó ti fòfin dè é ní Etí-Ọ̀sà. Nígbà míì, kó lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Onírù láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì gbé ìrẹsì dání, torí pé ọ̀rẹ́ náà ti gba àlejò mẹ́rin irú ẹ̀ lóṣù yìí.