Ọwọ́ Òsì Níwájú Òrìṣà Onílé

Ẹni tí ó bá gbé agbádá etù wọ̀ lọ sí etí òkun ilẹ̀ àjèjì ti fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀sín, ẹ̀sín náà ni èmi sì rà ní ojúbọ Udo, ní ìlú Nichinan, ní erékùṣù Kyushu ti ilẹ̀ Jàpáànù, ní bèbè òkun tí ìjọba wọn ti yà sọ́tọ̀ fún ìgbafẹ́ láti ọdún 1955, níbi tí òkun, alágbàlúgbú omi, ti ń fi orí sọ àpáta tọ̀sán-tòru.

Inú ihò àpáta ni ilé òrìṣà náà wà, àtẹ̀gùn ni a sì ń sọ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Toyotama-hime, ọmọ ọba òkun, bímọ sí. Ó kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ yọjú wo òun. Ọkọ yọjú, ẹranko omi ni ó bá níbi tí ó fi aya sí, ni aya bá fi ìtìjú padà sí ilé baba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ẹfọ̀n ti ṣe fún ọdẹ ẹlẹ́nu-kò-níbodè ní ilẹ̀ wa. Ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ni baba Jimmu, tí wọ́n kà sí ọba wọn àkọ́kọ́.

Kí n tó dé ibẹ̀ ni mo bá omi tútù nínú ọpọ́n òkúta, pẹ̀lú ìgbakọ onígi. Mo ní àwọn onílé yìí mọ àlejò í ṣe. Mo bu ìgbakọ kan, mo mu ún gbẹ, mo gùfẹ̀, mo sì ti bu òmíràn kí n tó rí i pé ọwọ́ ni àwọn yòókù ń fi í ṣàn.

Èyí kéré. Nísàlẹ̀ ilé òrìṣà ni àpáta kan wà nínú omi, tí ó jọ ìjàpá òkun tí wọ́n ní ó gbé ọmọ ọba náà wá. Ihò wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn sì yí ihò náà ká. Ìṣù amọ̀ kéékèèké márùn-ún ni wọ́n ń tà pọ̀ fún àlejò. Ẹni tí tirẹ̀ bá bọ́ sí ihò, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gbà. Obìnrin a fi ọ̀tún jù ú, ọkùnrin a fi òsì. Nígbà tí ògbufọ̀ mi sọ èyí, mo ní ọmọdé náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí ìyá mi gbá lọ́wọ́ nítorí pé mo fi òsì gba àkàrà, tí mo sì mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, kí n wá fi òsì sọ òkò sí òrìṣà onílé! Bí ó bá ṣe pé ọmọ Ògbóni tí ń fi òsì kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí, n kì bá tí janpata. Mo fi ọ̀tún jù ú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, òkun sì ń gbé e mì, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá mi tí ó wà lọ́run, mo gbé e sí òsì, mo sì fi gbogbo agbára jù ú. Ni afẹ́fẹ́ òkun bá ká apá agbádá bò mí lójú. N kò tíì rí ọ̀nà tí mo fi gbọ́ àtẹ́wọ́ wàà. Ó ti wọlé! Mo ki ara mi ní oríkì baba ńlá mi, mo sì tẹrí ba fún àwọn èrò bí wọ́n ti í ṣe. Ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹrí ba padà. Mo tún tẹ̀, òun náà tún tẹ̀. Bí mo ti tẹ̀ tán pátápátá ni ìṣù amọ̀ mi yọ láti inú apá agbádá, ó yí gbirigbiri lọ dúró síwájú bàtà ìyá náà, ẹni tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti àárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.