Ọ̀gá Múùdù

Bí ẹ bá dé Owódé tí ẹ rí ọkùnrin kan tó tan gílóòbù mẹ́jọ ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ kí i kú iṣẹ́ ilé. Ọ̀gá Múùdù ni. Ó ti kun pálọ̀ rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹrù Kútọnu ló fi ń yangàn: àga láti Kútọnu, kápẹ́ẹ̀tì láti Kútọnu. Ìjọba wá ti bọ́dà pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdírókò kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti rí ọjà kan tí kọ́sítọ́ọ̀mù ò lè dá dúró. Orí fóònù ló gbà wọlé: àwọ̀ ọ̀dà tó ní múùdù, ìyẹn èyí tí í mú ara balẹ̀.

Àwọ̀ wo ni? Ẹ má sọ pé dúdú létí rẹ̀ o. Àwa la ń pe aró ní dúdú, tí a ń pe ojú òjò ní dúdú. Òun ti kọjá ibẹ̀. Búlúù tó bá eérú ṣọ̀rẹ́ ni, bó ṣe wí. Ó ní ilé-iṣẹ́ Farrow & Ball nílùú Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní Down Pipe, ìyẹn páìpù tí ń gbé omi òjò sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé. Òmíràn ń jẹ́ Elephant's Breath, èémí erin. Mi ò purọ́ mọ́ wọn. Ká ní babaláwo ló ní kó lọ wá èémí erin wá kun ilé, ì bá ti pe ọlọ́pàá.

Ọ̀dà páìpù òjò kò sí lọ́jà wa. Akunlé ra ọ̀dà funfun, ó ń da stéìnà dúdú àti búlúù sí i, ó ń fi igi rò ó bí ẹni ń rokà.

“Ọ̀gá, ṣé ó ti tó báyìí, sà?”

“Kò tíì ní múùdù.”

Nígbà tí múùdù fi máa dé, ògiri méjì péré ni ọ̀dà náà ká. Ẹni tó bá ti fọwọ́ po ọ̀dà rí mọ̀ pé àpòpọ̀ kejì kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. Ògiri méjì jọ èédú, méjì jọ ẹ̀yìn ẹyẹlé. Bí àlejò bá béèrè, Ọ̀gá á ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn.

Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe ní kí n jókòó, iná lọ. Ògiri funfun a máa dá ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé padà fún ni. Èyí ń gbé e mì ni. Mo fi ojúgun gbá tábìlì. Ohùn Ọ̀gá wá láti ibì kan nínú òkùnkùn: “Ẹ ò rí i bí ara ṣe ń balẹ̀?” Tèmi ti balẹ̀ lóòótọ́. Orí kápẹ́ẹ̀tì Kútọnu ni mo wà.

Ìyá rẹ̀ ló wá tú u wò. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka kan ògiri, ó sì wo ìka náà bóyá ó dúdú.

“Àkànní, ta ló ń yan gàrí nínú ilé yín?”

“Ọ̀dà ni, mà.”

“Eélòó?”

Ó sọ iye rẹ̀. Màmá wá àga jókòó. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń yan gàrí ni ògiri ilé ìdáná òun ti rí báyìí gẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ́fín ló kùn ún, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọ̀gá Múùdù ti ń yọ fóònù lápò.

“Ìyá mi, ṣé mo lè wá ya fọ́tò rẹ̀?”