Ojú Kò Rójú Mọ́

Àwọn àgbà wa ní ojú ló ń rójú ṣàánú. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Lójú ọ̀nà oko tóóró, bí ẹni tó ń lọ bá pàdé ẹni tó ń bọ̀, wọ́n á rí ara wọn, wọ́n á kí ara wọn, ẹni tí kò gbẹ́rù á yà sínú koríko fún ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn. Kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lúgọ sábẹ́ igi. Ojú ti rí ọrùn tó ń gbọ̀n lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ iṣu, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ wá gbé àwa ọmọ-ọmọ wọn jókòó sínú ọkọ̀, ẹ pa gíláàsì dé, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹ wá máa wá àánú náà kiri.

Ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí alálọ àti alábọ̀ ti jọ ń pín títì kan ṣoṣo, ni kí ẹ ti lọ dán òwe yìí wò lálẹ́. Iná méjì á yọ níwájú, funfun báláú. Ẹ ó dín tiyín kù. Kò ní dín tirẹ̀ kù. Ẹ ó fi iná ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, láti bẹ̀ ẹ́. Á wá fi àlékún dá yín lóhùn, nítorí ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ fúlù láìtì látẹ̀yìnwá, díìmù tirẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tó bá fi kọjá, ẹ ò rí ojú rẹ̀, ẹ ò rí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, ẹ ò tilẹ̀ rí títì mọ́.

Ọmọlójú ènìyàn máa ń yára súnkì nígbà tí iná bá kọlù ú, ṣùgbọ́n kì í yára padà mọ òkùnkùn. Ó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ti dàgbà. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹ kà á dé márùn-ún: ẹ ti rin nǹkan bíi mítà 140 láìríran, ó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ewúrẹ́ lè wà láàárín ibẹ̀, kòtò lè wà níbẹ̀, ìyá tó ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn lè wà níbẹ̀. Onífúlù kò ní mọ̀. Òun ti kọjá lọ, ọ̀nà tirẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

Kò yẹ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ìwà nìkan. Gílóòbù náà jẹ nínú rẹ̀. Àwo tó ń dán lẹ́yìn gílóòbù ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ tó sì ń darí rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì ti wọn ibi tí wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù yóò wà gan-an kí wọ́n tó ṣe àwo náà. Ẹ wo gílóòbù halogen tí wọ́n ń pè ní H4, tó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ wa: wáàtì 55 ni díìmù rẹ̀, wáàtì 60 ni fúlù. Wáàtì márùn-ún péré! Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ ni gbogbo ìyàtọ̀ wà. Bí ẹ bá wá yọ ọ́, tí ẹ ki LED tàbí xenon olówó pọ́ọ́kú bọ inú àwo kan náà, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká: díẹ̀ sí títì, díẹ̀ sórí igi, èyí tó kù sójú ọmọ ọlọ́mọ. Ríwáyà á kọjú ọkọ̀ sí ògiri, á tan iná, ògiri á funfun, ọlọ́kọ̀ á mi orí: "Ó gbéná gan-an!" Owó á kúrò lápò. Ògiri kò ní ojú tí iná lè fọ́.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní tiwọn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún, díìmù wọn sì máa ń gbé orí sókè díẹ̀ sí apá òsì kó lè tan sí etí títì. Àwa náà gba òsì rí, kí Nàìjíríà tó yí sí ọ̀tún lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Wọ́n á yí sítíárì ọkọ̀ náà padà, wọ́n á fi iná iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rán láti lọ wá ẹlẹ́sẹ̀ létí títì á wá máa wá ẹyinjú ẹni tó ń bọ̀.

Egúngún ni Yorùbá gbà fún pé kó rí wa, kí á má rí ojú rẹ̀. A mọ ọjọ́ tí ó ń jáde, a sì mọ atọ́kùn tó ń tọ́ ọ. Jíìpù onígíláàsì dúdú ti gba oyè náà láìbi ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni òun ń jáde. Sáírìn ni ìlù rẹ̀, ọlọ́pàá tó yọ apá àti pàṣán jáde lójú fèrèsé ni atọ́kùn rẹ̀, fúlù rẹ̀ kì í sì í kú lọ́sàn-án gangan, bóyá nítorí pé oòrùn Ọlọ́run kò tó ọ̀gá. Láti ọdún 1991 ni òfin tó de gíláàsì dúdú ti wà. Àwọn tó yẹ kó máa mú òfin náà ṣẹ ló pọ̀ jù lẹ́yìn gíláàsì ọ̀hún. Ẹni tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí tirẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kó fi ṣàánú?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí hásáàdì, iná tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ kan ni wọ́n rán an: kó sọ pé ọkọ̀ mi dúró síbi tí kò yẹ kó dúró, ẹ ṣọ́ra. Àwa ti gbà á sí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó fẹ́ lọ tààrà ní oríta á tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í léèrè, á ní òsì ń ṣẹ́jú, ọ̀tún ń ṣẹ́jú, àárín nìyẹn. Ìṣirò náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún oríta kò rí ju ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan lọ, iná kan ṣoṣo ló sì ń ṣẹ́jú sí i. Ó gbà pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹ ń yà sí, ó wọlé, irin kọlu irin. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá sọ̀kalẹ̀ ni ojú yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rójú, kò sì ní jẹ́ ti àánú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń lọ tààrà kò nílò iná kankan. Kò yà síbì kan, kò ní nǹkan kan láti sọ.

Bí òjò bá wá dé sórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, gbogbo títì á di hásáàdì láti Bẹ́gà títí kọjá Ṣàgámù. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ ń ṣẹ́jú, èyí tó ń sáré kìlómítà 120 náà ń ṣẹ́jú, ẹ yáa fúnra yín mọ èyí tó dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tiráfíkétọ̀ kì í ṣiṣẹ́ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí hásáàdì bá ti wà lórí, nítorí iná kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ẹni tó fẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ara rẹ̀ lẹ́nu. Díìmù ni òjò ń fẹ́, àti kí ẹsẹ̀ fúyẹ́ lórí ìtẹ̀sáré.

Hásáàdì tún ti di ìwé ìdáríjì. Ẹ dúró sójú títì ní Ìbàfò láti ra búrẹ́dì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò lọ́rùn yín. Ọkọ̀ ìyàwó ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ òkú ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ alága ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣẹ́jú láàárín àwọn méjèèjì.

Ká má tíì sọ ti ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé. Ìwé òfin ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ní kí awakọ̀ fi iná iwájú ṣẹ́jú kìkì láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ wọn ti sọ ọ́ di "ẹ máa kọjá, ẹ̀gbọ́n." Ó dé oríta ní Ìkòròdú, dánfó ṣẹ́jú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọ́wọ́ sókè dúpẹ́, ó kó sọ́nà. Kó tó dé àárín títì, ó ti gbọ́ nípa ìyá rẹ̀ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí dánfó ń wí ni pé: mò ń bọ̀, bíréèkì mi kò dá mi lójú.

Síbẹ̀, dánfó yìí kan náà ló jẹ́ kí n gbà pé òwe àwọn àgbà kò tíì kú. Ọ̀pọ̀ wọn, tiráfíkétọ̀ ti kú, iná bíréèkì ti kú, iná iwájú kan ṣoṣo ló kù tó ń wo ọ̀run. Kọ́ńdọ́ ló rọ́pò gbogbo wọn. Á yọ jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé ìbàdí, á na ọwọ́, á wá ojú yín kàn: "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á wọlé. Ẹ̀yin náà á wọlé ayọ̀ o!" Ẹni tó ti ń búra láti Ọ̀jọ́ta pé òun kò ní fún dánfó kankan láyè mọ́, á ṣàdédé rí i pé ẹsẹ̀ òun ti tẹ bíréèkì. Ojú ti rójú. Jíìpù tó to LED jọ síwájú kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà, àfi kó fipá gbà á.

N kò sọ pé kí iná yín máa kú o. Ẹ bi àwọn tó ti kó sí abẹ́ tírélà lóru. Ọkọ̀ gígùn bàjẹ́ sójú títì, kò ní iná lẹ́yìn, triangle pupa tí òfin ní kó wà nínú ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, ewé tútù ni wọ́n já sílẹ̀ ní àmì. Ewé kì í tàn lóru. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, wọ́n á lọ, òkúta tí wọ́n fi há táyà á ṣẹ́kù síbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú. Ní 1977, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ iná wà nínú ìwé wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,000 ni ìtanràn tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ bá ti ká pátákó wọn lọ sílé ni iná ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀san. Ẹ wo awakọ̀ kan: ẹni jẹ́jẹ́ ni, díákónì ni, kì í bú ọmọdé. Ẹnì kan fi fúlù sí i lójú, òun náà fa tirẹ̀: "Ó fọ́ mi lójú, èmi náà á fọ́ tirẹ̀." Wọ́n ń sáré kọjú síra wọn, kìlómítà 100 níhìn-ín, 100 lọ́hùn-ún. Láìpẹ́, ẹni tí díákónì ń fọ́ lójú yìí máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan péré, pẹ̀lú irin tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Èwo ni ó sàn fún un, kí onítọ̀hún ríran tàbí kó má ríran? Bí iná bá kọlù yín lójú, ẹ dẹ ẹsẹ̀, ẹ wo etí títì lápá ọ̀tún, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sílé fún ọdún, ẹ wá ògiri kan ní ìrọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà sí i tó mítà méje àtààbọ̀, kí ẹ tan díìmù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gun ògiri lápá òsì ga ju ibi tí iná ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà lọ, ojú èèyàn ló ń lọ. Súkúrù tí wọ́n fi ń fa ìmọ́lẹ̀ náà wálẹ̀ wà lẹ́yìn àwo iná. Iṣẹ́ kékeré ni fún ríwáyà. Ẹ ní kó dá irú gílóòbù tó bá ọkọ̀ wá padà sínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì yọ níwájú yín lóru, ẹ má dúró dè é pé kó kọ́kọ́ dín tirẹ̀ kù.